Ajá Mi Kọ́ Ló Bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, nígbà tí gbogbo Ògìdì ń na ọrùn bíi lékeléke láti wo ohun tí ìjọba tuntun máa gbé dé, agogo kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ń dún kírin-kírin láti ẹsẹ̀ àpáta bọ̀ wá sọ́nà ọjà. Kò sẹ́ni tó dúró bi ẹnì kejì léèrè. Àwọn obìnrin gbé korobá, wọ́n ní omi ẹ̀rọ ló dé. Àwọn géńdé ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, wọ́n ní orúkọ àwọn tó máa ṣiṣẹ́ ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ kọ. Theresa aláàkàrà fi epo sílẹ̀ lórí iná, ó ki ìgbálẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbá iwájú ilé wìrìwìrì, ó ní wolé-wolé ni. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, èrò ti kún oríta.

Ẹni tó yọ sí wọn ni Bàbá Gbádéyan. Ó gùn tíínrín bí igi àgbọn, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sápá kan, agogo ilé ìwé tó rà lọ́jà Kábbà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, okùn wà lọ́wọ́ òsì. Lópin okùn náà ni ajá pupa kan wà tí etí rẹ̀ kan dúró, tí èkejì dùbúlẹ̀.

"Bàbá, kí ni ìjọba wí?"

"Ìjọba wo?"

"Agogo tí ẹ ń lù ńkọ́?"

Bàbá wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n dá dúró lórí iṣẹ́ pàtàkì. "Ẹ yà lọ́nà," ó ní. "Ajá mi ló fẹ́ kọjá."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Folúkẹ́, wà láàárín èrò náà tòun ti korobá tirẹ̀. Ó rọra da korobá náà dé orí, ó sì fi í bojú délé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í ti ìrù bẹ̀rẹ̀. Ká tọ̀ ọ́ wá síbi orí rẹ̀.

Bàbá Gbádéyan ti gbé Kàdúná rí. Ọdún mẹ́jọ ló fi bá wọn ṣiṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀, ó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ ìtàn ọdún mẹ́jọ náà. Bí òjò bá rọ̀, á ní, "Òjò Kàdúná lẹ ò tíì rí." Bí iṣu bá jinná jù, á ní, "Nígbà tí mo wà ní Kàdúná." Àwọn ọmọ rẹ̀ á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Bàbá, a ti gbọ́ ìyẹn." Ìyá Folúkẹ́ fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ ojú irin máa ti takú nínú ìtàn kọ̀ọ̀kan, á sì ti dìde lọ ro ọbẹ̀ kó tó débẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣí lọ sí Ìlọrin àti Kàdúná tiwọn, kò wá sẹ́ni tó máa gbọ́ ìtàn mọ́. Bàbá bá rìn dé ìlú Iffe tó wà nítòsí, ó gba ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé e sínú agbádá wá sílé. Ajá náà jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó gbọ́ ìtàn ọkọ̀ ojú irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yán lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ rí i?" Bàbá ní. "Ẹ rí ọmọ gidi?"

Nígbà yẹn, ohun tí ẹnu bá wúwo láti sọ fún aládùúgbò, orúkọ ajá lèèyàn fi ń sọ ọ́. Bàbá sọ tirẹ̀ ní Ẹjẹ́ńsinmi, nítorí ó ní àwọn ará àdúgbò ò jẹ́ kóun sinmi. Látọjọ́ tí orúkọ náà ti mọ́ ajá yẹn lórí, kò sẹ́ni tó sinmi mọ́ ní gbogbo agbègbè.

Kì í ṣe pé ó burú sí gbogbo ayé. Adìyẹ ń gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ lè ki ìka bọ̀ ọ́ nímú, kò ní sọ pé kí ló dé. Ajá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò fẹ́ rí. Bó bá fojú kan ajá bó ti wù kó mọ, á fò mọ́ ọn, á sì gbé e mì gìrìgìrì bí ẹni ń gbọn ẹní. Wọ́n ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ẹjẹ́ńsinmi ń ṣọ́ ojúlé mọ́kàndínlógún, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

Bí wọ́n bá wá fẹjọ́ sùn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní òun gbọ́ èdè ajá. Ọjọ́ tó ya Jákì, ajá Theresa, ní itan, obìnrin náà wá tòun ti ṣíbí àkàrà lọ́wọ́, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra ní Ògìdì.

"Bàbá Folúkẹ́, okun o. Ajá yín ti pa ajá mi!"

"Ajá mi kọ́ ló bẹ̀rẹ̀," Bàbá ní. "Jákì ló kọ́kọ́ bú u."

"Jákì tó sùn? Kí ló sọ?"

"Kò sọ̀rọ̀. Ó la ojú kan, ó wò ó."

"Ó wò ó ńkọ́? Ṣé ojú ò wà fún wíwò ni?"

"Irú ìwò yẹn, Theresa, bí ìwọ bá wò mí bẹ́ẹ̀, èmi náà á gé ọ jẹ."

Ìyá Folúkẹ́ ló ń tẹ̀ lé àwọn olùfisùn jáde lẹ́yìn ilé, á bu iyán fún wọn, á bẹ̀ wọ́n, á fi ewé àti iyọ̀ wẹ ojú ọgbẹ́ ajá wọn. Ẹ̀bẹ̀ ọ̀hún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ajá àdúgbò fi ń juwọ́ ìrù sí i tí wọ́n bá rí i lọ́nà oko. Ṣùgbọ́n Bàbá, lẹ́yìn ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, á bá olúwarẹ̀ yan odì. Theresa kọ́kọ́ wọ inú odì náà, akọ̀wé ìjọ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Philip tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nígbà tó máa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tí Bàbá ń kí ní Ògìdì kò ju àwọn tí kò sin ajá lọ.

Bàbá kò ṣàì wá nǹkan ṣe sí i. Ó já màrìwò tútù, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn lọ́jọ́ méjì gbáko, ó hun apẹ̀rẹ̀ kékeré kan tó máa bo ẹnu ajá náà, ó fi àyè omi sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó fi ti atẹ́gùn sókè. Ọgbọ́n Kàdúná ni, ó ní. Ẹjẹ́ńsinmi gbé apẹ̀rẹ̀ náà wọ ìgboro bí ìjòyè tó gbadé. Gbogbo ajá ya fún un. Níwájú ilé Philip, ewúrẹ́ abàyà-rúmú kan jáde, ó gbóòórùn màrìwò, ó dúró ti ajá náà, ó sì jẹ apẹ̀rẹ̀ náà tán pátápátá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹjẹ́ńsinmi kò mira títí ewúrẹ́ fi yó. Ìgbà yẹn ló wá yíjú, ó fò mọ́ ajá Philip tó dúró ń wòran.

"Ajá mi kọ́ ló bẹ̀rẹ̀," Bàbá ní. "Ewúrẹ́ ni."

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín gé lọ́jọ́ tó dé ọ̀dọ̀ Ọlábímtán.

Ọlábímtán ni olórí ọdẹ. Kò ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìbọn rẹ̀ kì í sì í tàsé. Abo ajá rẹ̀, Tanímọ̀la, ló ń ṣíwájú gbogbo ajá ọdẹ bí wọ́n bá lọ sun igbó. Ẹjẹ́ńsinmi pàdé rẹ̀ létí odò, ó sì gé etí rẹ̀ kan dà nù, bẹ́ẹ̀ abo ajá náà lóyún. Ọlábímtán kò pariwo. Ó wá sílé Bàbá, ó dúró lójúde, kò jókòó.

"Bàbá, àgbà ni yín. N kò ní bá yín jà. Ọjọ́ tí a ó lọ sun igbó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Gbogbo ajá ìlú ló ń péjọ síbẹ̀. Kó tó dọjọ́ náà, tàbí lọ́jọ́ náà, bí ajá yín bá tún fẹnu kan ajá kan, èmi ni n ó yìnbọn fún un. Àwọn àgbà ti fọwọ́ sí i."

"Ajá mi kọ́..."

"Bàbá." Ọlábímtán kò gbóhùn sókè. "Ẹ má sọ ọ́."

Ó sì lọ. Ìyá Folúkẹ́ wo ọkọ rẹ̀, ó rò pé á bú jáde. Bàbá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fọwọ́ lé orí ajá náà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa Kàdúná títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà yẹn lẹ̀rù ba ìyá náà. Ó mọ̀ pé bí ìbọn yẹn bá dún, ajá nìkan kọ́ ló máa pa.

Ọjọ́ kejì ni Bàbá lọ ra agogo. Ó ní bóun bá ń lù ú níwájú ajá, àwọn èèyàn á ti mú ajá tiwọn wọlé kóun tó dé. Ẹ ti gbọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n mọ ohun tí agogo náà wà fún, ńṣe ni àwọn ọmọ iléèwé ń tú ajá sílẹ̀ bó bá ti dún, kí wọ́n lè wòran. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi lu agogo, ìyẹn náà sì kú.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ibà dá Bàbá dùbúlẹ̀. Ajá ń sunkún fún ìta, Ìyá Folúkẹ́ sì ní iṣu láti gbé wálé. Ó so okùn mọ́ ajá, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ òun, ó sì gbọ̀nà oko lọ. Nígbà tó ń bọ̀, tí ẹrù iṣu tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ta ni kó yọ sí i ní kọ̀rọ̀ àpáta bí kò ṣe Theresa àti Jákì. Ọ̀nà kò fẹ̀. Ẹrù kò ṣeé sọ̀. Ohun tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ ló sọ.

"Okun o, Theresa."

"Okun, Ìyá Folúkẹ́. Ẹ kú oko o. Bàbá ńkọ́?"

"Ibà ni o. Orúnkún ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti ń rìn díẹ̀díẹ̀. Virtue ọmọ mi bímọ nílùú Ìyàrá."

"Háà! Akọ ni àbí abo?"

Wọ́n kíra kíra. Wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè àgbàdo, wọ́n béèrè òjò. Ìgbà tí Theresa sọ̀rọ̀ dé orí orúkọ ọmọ ni Ìyá Folúkẹ́ rántí pé òun mú ajá dání. Ó rọra fi ojú wo ilẹ̀. Ẹjẹ́ńsinmi jókòó sínú iyanrìn, ó ń yán. Jákì ń gbóòórùn etí rẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ara Bàbá yá, ó jẹ́ kó mú ajá jáde, ó sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ́nà jíjìn bí olè. Ohun tó rí nìyí. Bí Bàbá bá ti rí ẹni tó ní ajá lókèèrè, èjìká rẹ̀ á gòkè. Á fi okùn wé ọwọ́ ẹ̀ẹ̀mejì, á fà á le. Á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa kí ẹni tó bá a yan odì, á sì wú ikọ́ kan, "Hùn-ùn!" Ajá á gbójú sókè wo ojú Bàbá. Ìgbà yẹn ló máa fò.

Ìyá Folúkẹ́ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Folúkẹ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń rán an níṣẹ́."

"Èmi? Iṣẹ́ wo?"

"Okùn tí ẹ̀ ń fà, ikọ́ tí ẹ̀ ń wú, ojú tí ẹ̀ ń fún. Ajá rò pé ogun dé ni. Ẹ ò kí èèyàn. Bí olówó ajá kan ò bá kí olówó ajá kejì, kí ni kí ajá ó bá ajá sọ?"

"Irọ́!" Bàbá ta dìde. "Èmi kọ́ ló bẹ̀rẹ̀! Ajá ni!"

Ẹjẹ́ńsinmi gbójú sókè wò ó. Ó jọ pé òun náà gbọ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bàbá máa tú òun fó.

Láti ọjọ́ náà, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyá Folúkẹ́ lọ bẹ Theresa; Bàbá náà rántí ìbọn, ó gbà. Àràárọ̀ ni Theresa ń mú Jákì dúró sí ìdí ọsàn lọ́hùn-ún, tí Bàbá àti Ẹjẹ́ńsinmi á dúró sí ẹnu géètì ìjọ níhìn-ín, ọ̀nà sì wà láàárín. Iṣẹ́ Bàbá kò ju mẹ́ta lọ: kó dẹ okùn, kó gbé ikọ́ mì, kó kí Theresa. Bó bá ti kí i, Ìyá Folúkẹ́ á ju orí ẹja gbígbẹ fún ajá. Lójoojúmọ́ wọ́n á súnmọ́ra ní ìṣísẹ̀ díẹ̀.

Okùn rọrùn. Ikọ́ rọrùn. Ìkíni ló le. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jáde lẹ́nu Bàbá bí eyín tí wọ́n ń fà.

"O...kun."

"Bàbá, ṣé ẹ̀ ń kí mi ni," Theresa kígbe láti òdìkejì, "àbí ẹ̀ ń bú mi?"

"Méjèèjì," Bàbá ní.

Ṣùgbọ́n orí ẹja ń bọ́, ìṣísẹ̀ ń dín kù. Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá béèrè orúnkún ìyá Theresa. Ní ọjọ́ kẹfà, ó sọ fún un bí wọ́n ṣe ń tọ́jú orúnkún ní Kàdúná. Theresa kò gbọ́ ìtàn yẹn rí, ó sì jókòó sórí gbòǹgbò ọsàn, ó gbọ́ ọ tán. Ajá méjèèjì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra.

Ilẹ̀ ọjọ́ igbó sísun mọ́. Àwọn ọdẹ péjọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, ajá wọn ń lọ ń bọ̀, agogo ọrùn wọn ń dún wínrin-wínrin. Àwọn obìnrin ru omi àti èkuru dúró lẹ́yìn, Ìyá Folúkẹ́ wà láàárín wọn, ó di igbá rẹ̀ mú. Bàbá lè fi ajá rẹ̀ sílé. Gbogbo èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ajá tí wọ́n fi pamọ́, ajá tí wọ́n ti dá lẹ́bi ni.

Ó dé. Philip kí i, ó kí Philip. Akọ̀wé ìjọ kí i, ó kí akọ̀wé. Ẹjẹ́ńsinmi ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, okùn dẹ̀ dáadáa. Ó wá kan Ọlábímtán. Ìbọn wà léjìká rẹ̀. Tanímọ̀la elétí kan jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà, gbogbo ayé ló mọ̀. Bàbá dúró, ó ń retí. Ọlábímtán wo ojú ọ̀run, kò kí i.

Ìyá Folúkẹ́ rí èjìká ọkọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó rí okùn tó ń wé mọ́ ọwọ́. Irun ẹ̀yìn ajá dìde ṣáńṣán. Ọlábímtán sọ ìbọn kalẹ̀ kúrò léjìká.

Bàbá tú okùn kúrò lọ́wọ́. Ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ pátápátá.

"Ọlábímtán," ó ní, "okun o. Etí ajá rẹ ńkọ́?"

Ọlábímtán wo Tanímọ̀la lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ajá mi ló bẹ̀rẹ̀," Bàbá Gbádéyan ní.

Ọlábímtán gbé ìbọn ti igi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Bàbá, okun. Ẹ dákun. Ó ti san. Ọmọ mẹ́rin ló bí." Ẹjẹ́ńsinmi wo ojú Bàbá, ó wo ojú Ọlábímtán, ó sì fi ìdí jókòó. Ìyá Folúkẹ́ gbé igbá sọ̀ kó má bàa bọ́. Ìgbà náà ni Tanímọ̀la dìde, ó rìn jẹ́jẹ́ lọ síbi tí Ẹjẹ́ńsinmi wà, ó gbóòórùn rẹ̀ yíká, ó sì gé e jẹ ní etí tó dúró, gbáú! Ẹjẹ́ńsinmi ké "yéè!", ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn Bàbá.

"Ẹ rí i?" Bàbá na ìka sókè, ohùn rẹ̀ padà bọ̀ sípò. "Gbogbo ìlú, ẹ rí i? Ẹ rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lónìí?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà ló lé gbogbo ẹran igbó lọ. Wọn kò pa ju òkété méjì lọ.

Bàbá tún lo ọdún mẹ́fà sí i. Odì tán lọ́rọ̀ rẹ̀, nítorí kò lè rìn dé ọjà láì kí gbogbo ojúlé, ẹni tó bá sì kí ló ń sọ ìtàn fún. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ìrìn wákàtí méjì. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kan mú un lọ ní pẹ̀lẹ́, lójú oorun, ẹni tó kù láìgbọ́ ìtàn Kàdúná ní Ògìdì kò sí.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, tí àwọn ọmọ padà síbi iṣẹ́, Ẹjẹ́ńsinmi dùbúlẹ̀ síwájú àpótí tí Bàbá ń jókòó lé. Kò jẹun lọ́jọ́ kìíní, kò jẹun lọ́jọ́ kẹta. Theresa gbé àkàrà gbígbóná wá, kò wò ó. Ìyá Folúkẹ́ gbé orí ẹja sí i nímú, ó yíjú. Ó so okùn mọ́ ọn, ó fà á, kò dìde. Ìyá náà jókòó sórí àpótí, kò mọ ohun tó lè ṣe mọ́. Ojú rẹ̀ wá lọ sára ògiri, ó rí agogo tí wọ́n ti fi kọ́ síbẹ̀ látìgbà náà.

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó mì ín lẹ́ẹ̀kan, kírin.

Etí tó dúró gbéra. Ó mì ín lẹ́ẹ̀kejì, ajá dìde.

Wọ́n jáde. Ó ń lu agogo, ó ń lọ, ajá ń tẹ̀ lé e, láti ẹsẹ̀ àpáta bọ̀ lọ́nà ọjà. Ilẹ̀kùn ń ṣí. Èèyàn ń jáde. Theresa jáde tòun ti ṣíbí, Philip tòun ti ọwọ́ tó kún fún ọ̀rá kẹ̀kẹ́, Ọlábímtán tòun ti Tanímọ̀la tó ti dàgbà, tó ń tiro. Kò sẹ́ni tó gbé korobá. Gbogbo wọn dúró sí oríta, wọ́n ń wò ó.

"Ìyá Folúkẹ́," Ọlábímtán rọra béèrè, "kí ni ìjọba wí?"

Ó gbé èjìká sókè, ó gẹ gèlè sápá kan.

"Ẹ yà lọ́nà," ó ní. "Ajá mi ló fẹ́ kọjá."

Wọ́n yà. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó dé àárín, ó sì di ẹkún lẹ́nu wọn. Bí Ẹjẹ́ńsinmi bá ti dé iwájú ẹnì kan, á dúró, á jókòó, á gbójú sókè wò ó. Kò ní mira. Ọlábímtán ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń retí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kàn án lórí.

"Okun o, Ẹjẹ́ńsinmi," ó ní.

Ajá náà dìde, ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Wọ́n sì ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tọkùnrin tobìnrin, títí ó fi kọjá.